Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ bi wọ́n ní fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó gba stipend

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà ní ọdún tó kẹ́yìn residency, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ dókítà nílé ìwòsàn, ní Amẹ́ríkà, ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ yín ló ti buwọ́ lùwé pẹ̀lú ilé ìwòsàn tí yóò máa san stipend, owó ìtìlẹ́yìn, fún yín títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó náà dáa, àmọ́ ìpín IRS, àjọ owó-orí Amẹ́ríkà, wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í sì í yọ ọ́ kí wọ́n tó san án.

Àkọ́kọ́, ẹ lọ yí fọ́ọ̀mù W-4 yín padà níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe residency, kí wọ́n máa yọ owó-orí púpọ̀ sí i nínú owó oṣù yín. Ó rọrùn ju kẹ́ ẹ máa fi fọ́ọ̀mù 1040-ES sanwó fún IRS fúnra yín lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún lọ.

Èkejì, ẹ ka ìwé àdéhùn. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n yá yín lówó, tẹ́ ẹ sì buwọ́ lùwé gbèsè, ìgbà tí wọ́n bá ń fojú fo gbèsè náà ni owó-orí ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára. Ilé ìwòsàn tó gbà mí san 2,000 dọ́là fún mi lóṣooṣù, odindi ọdún kan. Mi ò tọ́jú aláìsàn kankan fún wọn. Ìwé àdéhùn wa gan-an sọ ọ́ pé dókítà kò ní ṣiṣẹ́ kankan fún wọn kó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí January parí, 1099-NEC ni wọ́n fi ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù ẹni tó ń dáṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe owó-orí ṣí Schedule C, ìwé èrè òwò, fún mi bíi pé mo dá òwò sílẹ̀, ó sì gbé owó-orí adáṣẹ́ṣe, 15.3%, lé e. Lórí 24,000 dọ́là, ìyẹn lé ní 3,390 dọ́là, lọ́tọ̀ sí owó-orí tí mo jẹ lóòótọ́.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìṣirò owó wọn. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Mo ya abala àdéhùn náà ránṣẹ́, mo fi ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ bá akáńtáǹtì mi. Akáńtáǹtì ní ẹni tí kò ṣòwò, tí kò sì ṣiṣẹ́ fún wọn, kò jẹ owó-orí adáṣẹ́ṣe. Ó ní kí wọ́n gbé owó náà sí Box 3, àyè owó mìíràn, lórí fọ́ọ̀mù 1099-MISC, kí èmi náà kọ ọ́ sórí Schedule 1, ìwé àfikún owó tó wọlé. Ó ní bí wọn ò bá tún fọ́ọ̀mù náà ṣe, ohun tí mo kọ kò ní bá ti IRS mu, lẹ́tà CP2000 sì lè tẹ̀lé e. Mo fi fọ́ọ̀mù 4868 sún ìfisílẹ̀ ìwé owó-orí mi di October 15, mo sì san owó-orí mi kí April 15 tó kọjá, torí 4868 kì í sún ọjọ́ ìsanwó. August ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n tún ṣe tó dé, láìsí “ẹ má bínú” kankan. Mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, à ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo mọ̀ pé ojú ń tì yín láti béèrè, kí wọ́n má baà ní ẹ ti ń da àwọn láàmú kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ béèrè fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ gba ìdáhùn lórí ìwé. Bó bá jẹ́ W-2, fọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́ olówó oṣù, kò burú, wọ́n á yọ owó-orí kí wọ́n tó san án. Bó bá jẹ́ NEC ni wọ́n dárúkọ, ẹ ní kí wọ́n sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe fún wọn.