A ti dé o, àmọ́ ẹ má bi mí bóyá ìyà ń jẹ wọ́n

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti dé láti orílẹ̀-èdè Màláwì, tọmọdé tàgbà, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn lọ́nà. Àpótí kan ló yà síbòmíràn, òun náà sì ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ gbàdúrà fún wa, ẹ̀yin tí ẹ dáwó, ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa ṣí fèrèsé ilé kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, ẹ ṣeun, a ò ní fi ibi san án fún yín.

Ìbéèrè kan ló wà tí mi ò tíì mọ bí mo ṣe lè dáhùn rẹ̀ lórí ìdúró. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó tán, tó ti kí wa kú àbọ̀, òun náà ni yóò bi mí: “Ṣé lóòótọ́ ni ìyà ń jẹ àwọn ará ibẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ?” Wọn á ti fajú ro sílẹ̀ kí n tó lanu. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á mí kanlẹ̀, wọn á ní Ọlọ́run á san wá lẹ́san, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni mo pa. Ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn. Láti òní lọ, ẹni tó bá bi mí, èmi á ní kó lọ kà á.

Chikwawa ni a wà, ní gúúsù Màláwì, nínú àfonífojì odò Shire, odò tó ń ti Adágún Màláwì bọ̀ tó sì ń ṣàn lọ bá Zambezi. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, oòrùn ibẹ̀ kì í sì í ṣe ti eré. Lóṣù Kẹta 2023, ìjì Freddy gba Mozambique wọlé, ó da òjò sí gúúsù Màláwì fún ọjọ́ mélòó kan láìdáwọ́ dúró. Ní Chilobwe, ní ìlú Blantyre, òkè ya lulẹ̀ ó sì bo àwọn ilé mọ́lẹ̀ lóru. Àwọn tó kú lé ní 600, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn wà tí wọn ò rí òkú wọn sin. Ní ìsàlẹ̀ níbi tí a lọ, omi bo oko, ó bo kànga, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kọ́lẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022 ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Àjọ tó mú wa lọ ń wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ omi. Ọkọ mi ni wọ́n ń wá. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tèmi, kò sẹ́ni tó ní kí n wá; èmi ni mo ní bàbá àwọn ọmọ mi ò ní dá lọ.

Pọ́ǹpù tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń jẹ́ Afridev. Ọkọ mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mi létí tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi lè tú u palẹ̀ báyìí. Wọ́n dìídì ṣe é kó lè rọrùn fún ará abúlé láti tún ṣe ni: sípánà kan ṣoṣo ló ń ṣí i. Irin rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Rọ́bà kékeré kan tó ń jẹ́ U-seal ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Inú páìpù nísàlẹ̀ ló ń wà, òun ló ń dí àlàfo kí omi lè bá ọ̀pá gòkè. Tó bá ti jẹ, ẹ fà á títí apá yóò fi ro yín, omi ò ní yọjú. Ọkọ mi gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ìyẹn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi gbà á, àyè ṣì ṣẹ́kù. Etí rẹ̀ kan ti fẹ́lẹ́ bíi bébà, yanrìn ti gé e lápá ibì kan. Nítorí nǹkan tí mo dì mọ́wọ́ yẹn ni àwọn obìnrin abúlé yẹn ṣe padà sódò fún ọ̀pọ̀ oṣù, odò tí ọ̀nì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé wọn ò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Mẹkáníìkì kan wà ládùúgbò náà tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, tí yóò so irin gígùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń lọ sógun. Gbogbo kànga àyíká ibẹ̀ ló mọ̀, ó mọ èyí tí yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀, ó mọ èyí tí omi rẹ̀ níyọ̀. Omi oníyọ̀ yìí tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀: àwọn ibì kan wà ní Chikwawa tó jẹ́ pé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ omi tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde kò ṣeé mu, àwọn èèyàn á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sódò. Kò sí sípánà tó lè ṣí ìyẹn. Ohun tí ọkọ mi ní tí mẹkáníìkì yẹn ò ní ni ọkọ̀ àjọ àti owó epo. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, kì í ṣe èmi ni mo ń bú u.

Tèmi wá dé. Kànga kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń dá kwacha díẹ̀, ìyẹn owó Màláwì, sílẹ̀ lóṣooṣù láti fi ra ohun èlò. Àjọ ní kí n máa kọ́ àwọn ìgbìmọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó. Akápò àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi lọ bá, obìnrin kan ni tí ọjọ́ orí wa ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, àmọ́ tó ti ní ọmọ-ọmọ. Mayi, ìyẹn Màmá, ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe èmi náà nìyẹn. Ó wọlé, ó gbé ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé kan jáde láti inú aṣọ chitenje tó fi wé e. Ó ti fi rúlà fa ilà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀. Àwọn tó san owó wà lápá kan. Àwọn tó fi àgbàdo san án wà lápá kejì, ó kọ ọjọ́ tó ta àgbàdo náà àti iye tó tà á. Àwọn opó tí ìgbìmọ̀ yọ̀ǹda fún, èèyàn méjì ló fọwọ́ sí i fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú ilé iṣẹ́ tí mo ti bá ṣíwèé rí, ẹ ó lóye ìdí tí mo fi dákẹ́. Ohun tí mo fi kún ìwé náà kò ju ìlà kan lọ, ti iye tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó kọ̀ọ̀kan. Ó wò ó, ó ní ó dáa, ó sì fi rúlà fa tirẹ̀.

Ìgbà tí owó wọn já lulẹ̀ ni mo wá mọ irú èèyàn tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Lóṣù Kọkànlá 2023, báńkì àgbà ìjọba Màláwì dín agbára kwacha kù: dọ́là kan tó ń lọ ní nǹkan bíi 1,180 kwacha di 1,700, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ta ló ní dọ́là nínú abúlé? Kò sí. Àmọ́ òkè òkun ni epo ọkọ̀ ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ajílẹ̀ àti ohun èlò pọ́ǹpù ti ń wá. Owó tí wọ́n ti fi oṣù gbáko dá jọ fún páìpù kò ra páìpù mọ́. Mayi kọ iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ iye àtijọ́, kò sì fagi lé ti àtijọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fagi lé e. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun jẹ owó náà lè fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó jẹ ẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ti ebi, torí òun gan-an ni ẹ̀yin ń bi mí. Ebi ibẹ̀ ní àsìkò. Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, àgbàdo ọdún tó kọjá á ti tán nínú àká, ti tuntun á ṣì wà lóko. Àwọn tó lágbára á máa lọ ṣe ganyu, ìyẹn ni pé wọ́n á lọ ro oko olóko kí wọ́n lè rí àgbàdo gbà, àmọ́ oko tiwọn gan-an á máa dúró dè wọ́n, koríko á sì máa bò ó. Lọ́dún tí nǹkan bá le, wọ́n á wọ irà lọ wa nyika, gbòǹgbò òṣíbàtà, sè jẹ. Inú irà yẹn kan náà ni ọ̀nì wà. Oṣù Kẹrin ló yẹ kí ìkórè fòpin sí gbogbo rẹ̀.

Òjò ọdún 2024 ló wá dá. Ọ̀dá tí El Niño fà ni, ìyẹn ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì bá móoru jù, tí òjò sì dàrú. Àgbàdo tó ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ gbẹ lórí ìdúró. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, Ààrẹ Lazarus Chakwera kéde pé àjálù ti dé bá àgbègbè 23 nínú 28 tí orílẹ̀-èdè náà ní. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìkéde yẹn ni ìwé ìrìnnà wa tán, tí a dì í, ó di Blantyre, ó di Addis Ababa, ó di ilé. Oṣù tó yẹ kí ebi kásẹ̀ nílẹ̀ ni ebi mìíràn bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni àwa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn tó wá sin wá ń kí wa pé zikomo, zikomo, ìyẹn ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ojú ń tì mí. Mi ò mọ ìdúpẹ́ tí mo lè gbà lọ́jọ́ yẹn tí yóò bá mi lára mu.

Bí a ṣe délé, ìyá ọkọ mi fọwọ́ di ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, wọ́n ní “Wọ́n ti pa ọmọ mi fún mi o!” Kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ wọn, ó kàn dúdú sí i ni. Màmá ò gbà. Wọ́n ń bu oúnjẹ fún un títí di òní.

Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá omi. Bí mo bá ń fọ abọ́, yóò na ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ mi, yóò pa ẹ̀rọ omi, yóò sì kọjá lọ láìwojú mi. Ó ti ṣe é fún àlejò rí. Mi ò bá a wí, mi ò sì tì í lẹ́yìn, mò ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá ni. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn láti rí yàrá rẹ̀, láti rí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já. Ṣe ló ń jà. Ẹni tó bá káàánú rẹ̀ ló ń bá jà. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àǹtí rẹ̀ ní “Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ojú rẹ ti rí tó,” ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú, mo gbádùn ara mi.” Ó sì gbádùn ara rẹ̀ lóòótọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ pọnmi, wọn á lo wákàtí méjì nídìí kànga tí a lè lò fún ogún ìṣẹ́jú, wọn á máa fi Chichewa, èdè ibẹ̀, rẹ́rìn-ín àwa àgbà. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ìyà ni wọ́n fẹ́ kó sọ.

Wọ́n ti ní kí èmi náà wá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé kan, kí n mú fọ́tò dání. Mo kó ohun tí mo ní ránṣẹ́: mẹkáníìkì lórí kẹ̀kẹ́, ìgbìmọ̀ níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, ojú ewé kan nínú ìwé Mayi, èyí tí mo gbàṣẹ kí n tó yà. Ẹni tó ń ṣètò pè mí padà, ó ní wọ́n dáa o, àmọ́ ṣé mi ò ní èyí tó wọni lára jù báyìí lọ, bóyá ti ọmọdé. Mo ní mi ò ní. Mo ní i. Mi ò ní mú un jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kó aṣọ jọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Aṣọ òkè òkun kún ọjà Màláwì, kaunjika ni wọ́n ń pè é, àwọn kan ń fi títa rẹ̀ bọ́ ọmọ wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń yún un, ohun èlò pọ́ǹpù ni kó fi owó rẹ̀ rà, kó sì jẹ́ kí ìgbìmọ̀ kànga sọ èyí tí wọ́n fẹ́.

Lórí pé bóyá a ó padà lọ, ilé wa ti pín sí méjì. Èmi ti ṣe ìṣirò, ẹ mọ̀ pé mi ò lè ṣe kí n má ṣe é. Mo fi owó ọkọ̀ òfuurufú èèyàn mẹ́rin, àlọ àtàbọ̀, sí apá kan, mo fi iye U-seal àti páìpù sí apá kejì. Mo fi han ọkọ mi. Ó wò ó, ó ní òun mọ̀ tipẹ́. Mo ní tí yóò bá lọ, kó lọ nìkan, kí ìyókù owó lọ sínú ọkọ̀ àti epo fún mẹkáníìkì. Ọmọbìnrin mi ní èmi ń ba nǹkan jẹ́, ta ló máa wá bá Mayi yẹ ìwé wò tí èmi ò bá lọ?

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Mayi fi fọ́tò ojú ewé oṣù tuntun ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti ara fóònù ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ rọ́bà kan fúnra wọn. Àwọn tó san owó ti dín kù gan-an, àwọn tó fọwọ́ sí i fún opó sì ti pọ̀ sí i. Mo ro ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀, mo tún un rò. Ó pé. Mo fi han ọmọbìnrin mi, ó ní ìyẹn kò fi hàn pé kí a má lọ.