Irun iwájú orí wa ń lọ, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀

Irun iwájú orí wa ń lọ, a ò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀ tó. Wíìgì ló ń bò ó, gèlè ló ń bò ó, fìlà ló ń bò ó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí obìnrin púpọ̀ láìdérí nínú ilé, ẹ máa rí i pé ẹ̀bátí méjèèjì ti ń dán, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ ló kù ní bèbè ibẹ̀, ẹlòmíì ò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. A ó ní ìran wọn ni, àbí ká ní ọjọ́ orí ni, àwọn kan tiẹ̀ máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe é. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹ̀, dídì líle ló fà á, láti kékeré.

Traction alopecia ni àwọn dókítà ń pè é, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní 1907 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ nípa àwọn obìnrin Greenland, tí wọ́n máa ń fa gbogbo irun wọn lọ sókè tí wọ́n á so ó pinpin, tí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ orí wọn wá ń pá. Àwọn yẹn ò kun rìláṣà, wọn ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ atáṣímẹ́ǹtì. Fífà yẹn náà ló ṣe é.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Irun kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tó ti ń hù jáde, tẹ́ ẹ bá ń fà á lójoojúmọ́ ìdí ẹ̀ á wú, kókó wẹ́wẹ́ á máa yọ níbẹ̀, òmíì á ní ọyún lórí. Tẹ́ ẹ bá jáwọ́ nígbà yẹn, irun á padà hù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń fà á lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ihò yẹn á di àpá, á dí pa, awọ ibẹ̀ á máa dán débi pé ẹ ò ní rí ojú ihò kankan mọ́. Kò sí òróró tó lè ṣí i lẹ́yìn ìyẹn, ì báà jẹ́ òrí, ì báà jẹ́ àdí, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi lórí Instagram. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí, torí pé àsìkò kan wà tó ṣì ṣeé tún ṣe, a sì máa ń jẹ́ kó kọjá.

Tàwọn ọmọdé ló ń dùn mí jù. Iléèwé mìíì ló ń yan irun tọ́mọ máa ṣe, ọ̀sẹ̀ yìí ṣùkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pàtẹ́wọ́, torí náà gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ la ń tú irun tá a tún ń di òmíì. Ẹ lọ wo ọ̀dọ̀ onídìrí nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ọmọ á jókòó sórí àpótí, orí ẹ̀ á wà láàárín itan onídìrí, wọ́n á wá fi ìka ṣa irun wínníwínní tó wà ní bèbè iwájú orí, èyí tí ò tíì gùn tó èékánná, wọ́n á fi kírímù lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó gùn, wọ́n á fà á wọlé. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣe tán, ojú ọmọ ti fà sókè, kò lè di ojú dáadáa, awọ orí ẹ̀ ti dìde ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ń sunkún, ìyá ń sọ pé àǹtí ẹ jẹ́ kó le dáadáa o kó lè pẹ́. Tó bá dalẹ́, wọ́n á fún un ní pàrásítámọ́ọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi. Irun tó bá ṣì ń dunni lẹ́yìn tí wọ́n ti dì í tán, ó ti le jù nìyẹn. Kì í ṣe pé ọmọ yẹn jẹ́ ẹlẹ́kún. Ẹ tú iwájú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà, kódà bẹ́ ẹ bá ti sanwó.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má dirun mọ́ o, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Irun òwú tí àwọn ìyá wa ń kó, ohun dáadáa ni, ó ń na irun láìsí iná láìsí kẹ́míkà, tí wọn ò bá ṣáà ti so ìdí ẹ̀ le. Ẹ máa pààrọ̀ ọ̀nà tí irun ń gbà. Ṣùkú ń fa iwájú àti ìpàkọ́ lọ sí àtàrí, tẹ́ ẹ bá ṣe é lónìí, ẹ ṣe èyí tí ò fa iwájú nígbà míì, kí ibì kan náà má máa jìyà. Èyí tẹ́ ẹ fi atáṣímẹ́ǹtì ṣe, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lórí. Èyí tó burú jù ni kẹ́ ẹ kun rìláṣà kẹ́ ẹ tún wá di bíráìdì tó wúwo lé e, torí rìláṣà ti sọ irun yẹn di aláìlágbára, ẹ tún wá gbé ẹrù lé e lórí. Glúù tí wọ́n fi ń lẹ wíìgì mọ́ iwájú orí náà ń tu irun nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i.

Bó ti wù kó rí, kì í ṣe gbogbo irun tó bá bọ́ ni dídì fà. Irun orí wa tó nǹkan bí 100,000, 50 sí 100 lè bọ́ lójúmọ́ láìsí nǹkan kan, ìyẹn ló fi máa ń dà bíi pé ó pọ̀ tẹ́ ẹ bá tú irun tó ti pẹ́ lórí. Ẹ mú irun kan nínú kóòmù kẹ́ ẹ wò ó síbi iná. Tí nǹkan funfun kékeré bá wà ní ìdí ẹ̀, ó tu láti ìdí ni, àsìkò ẹ̀ ló pé. Tí ò bá sí, ó já láàárín ni, ìyẹn jẹ́ ti gbígbẹ, iná àti kẹ́míkà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí irun ń bọ́ wìì-wìì ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Oyún ló dá irun tó yẹ kó ti bọ́ dúró, ló bá wá ń bọ́ pa pọ̀. Kó tó di pé ọmọ pé ọdún kan, ó sábà máa ń ti padà. Ibà líle àti iṣẹ́ abẹ náà máa ń fa irú ẹ̀, lẹ́yìn oṣù méjì mẹ́ta, nígbà tẹ́ ẹ ti gbàgbé àìsàn yẹn. Tí nǹkan oṣù yín bá máa ń pọ̀ tàbí tó máa ń rẹ̀ yín ṣáá, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àìtó ayọ́ọ̀nù (iron) nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìṣòro tairọ́ọ̀dì, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, máa ń mú irun bọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ń lo biotin, ìyẹn fítámì tí wọ́n ń tà fún irun, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ kí èsì tẹ́ẹ̀sì mìíì jáde lódì.

Irun pípá tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, tó ń yún tàbí tó ń ta yín lórí, tó ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má jókòó ti ìyẹn nílé. CCCA ni wọ́n ń pè é, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù. Ní 1968 kóòmù gbígbóná ni wọ́n di ẹ̀bi rù, ṣùgbọ́n àwọn tí ò lo kóòmù gbígbóná rí náà ń ní in, nígbà tó sì di 2019 àwọn olùwádìí rí i pé nínú àwọn kan ó tan mọ́ ohun tí wọ́n bí mọ́ni. Ó ń sọ ihò irun di àpá, torí náà dókítà awọ ara lẹ máa wá, kíá. Ti ọmọdé tórí ẹ̀ pá róbótó tó sì ń ṣí ìpẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làpálàpá, oògùn mímu ló sì ń wo tinú irun, kírímù tẹ́ ẹ ń kun ò dé ìdí ẹ̀.

Orí tó ní dáńdrọ́ọ̀fù, ẹ má fi òróró rì í. Kòkòrò tó ń fà á, ọ̀rá ló ń jẹ. Ẹ fọ ọ́ ná.

Ẹni tó bá fẹ́ lo minoxidil, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń kùn sórí kírun lè hù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé ó ń hu irun. Ó lè ṣiṣẹ́ níbi tí ihò ò tíì dí, ṣùgbọ́n ó ń gba oṣù púpọ̀, irun tiẹ̀ lè kọ́kọ́ bọ́ sí i, aláboyún ò sì gbọdọ̀ lò ó. Tẹ́ ẹ bá ń kùn ún lówùúrọ̀ tẹ́ ẹ tún lọ di líle lọ́sàn-án, owó yín lẹ fi ṣòfò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù pé inú onídìrí á bí, ẹ sọ ọ́ kó tó mú kóòmù, ẹ má dúró dìgbà tó bá dé àárín orí. Ẹ ní kí iwájú rọ̀, kó fi irun wínníwínní ibẹ̀ sílẹ̀, kó má sì já atáṣímẹ́ǹtì tó pọ̀. Tó bá ní kò ní pẹ́, ẹ ní ẹ ti gbọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó yín.