Ọjọ́ Tí Kọ́kọ́rọ́ Mi Lọ Wẹ̀ Nínú Kẹ́ẹ̀gì

Ẹnu kẹ́ẹ̀gì máa ń gba nǹkan wọlé tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kó jáde mọ́. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ bi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi.

Ìsun omi kan wà lẹ́bàá títì tí a ti máa ń pọn omi mímu. Àwọn tó la ọ̀nà náà ló gé ẹsẹ̀ òkè níbẹ̀, tí wọ́n sì gé e kan ibi tí omi ń gbà lọ lábẹ́ ilẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè á rin wọlẹ̀, á máa lọ sísàlẹ̀ títí á fi kan amọ̀ tàbí àpáta tí kò fún un láyè, ni yóò bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa wá ibi tí yóò gbà yọjú. Ẹnìkan ti ki páìpù bọ ojú ibẹ̀. Oòrùn kì í ràn án nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tutù nini lọ́sàn-án gangan. Àlébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò mọ ìkánjú. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìṣẹ́jú 5 kó tó kún, òfin ibẹ̀ sì ni pé kẹ́ẹ̀gì kan lo lè pọn lẹ́ẹ̀kan, kí o padà sẹ́yìn ìlà. Ẹ fojú inú wo bí ìlà náà ṣe gùn tó.

Wọ́n gbé pátákó kan síbẹ̀ pé kí a se omi náà kí a tó mu ún. Aṣọ ìnura ni àwọn èèyàn ń sá sí i lórí. Bàbá kan tó wà níwájú mi ní omi tó mọ́ gaara báyìí kò lè ní àìsàn nínú. Mo fẹ́ sọ pé ojú ò lè rí kòkòrò àrùn, àti pé kí omi ṣáà hó yaya fún ìṣẹ́jú 1 ti tó, ṣùgbọ́n bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àrùn tí omi náà ti wò sàn lára rẹ̀, láti àtàrí títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo panu mọ́. Mi ò kì í bá ẹni tó wà níwájú mi lórí ìlà jiyàn.

Ó kàn mí. Kẹ́ẹ̀gì kún dé ọrùn. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n dé e, ni kọ́kọ́rọ́ bá yọ́ jáde lápò àyà ẹ̀wù mi, ó dún "tóó", ó wọ inú omi lọ. Kò tilẹ̀ kan etí kẹ́ẹ̀gì. Bí wọ́n bá ní kí n máa jù ú síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, mi ò ní jù ú bá.

Ọkọ̀ wà ní títì pa. Fóònù mi wà nínú ọkọ̀.

Kíá, gbogbo ìlà di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹnìkan ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìka ló wọlé, àtẹ́lẹwọ́ kọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi ọkọ̀ akẹ́rù kó dúrọ́ọ̀mù wá sáré mú òòfà tó so mọ́ okùn wá, ó ń jù ú sínú kẹ́ẹ̀gì bí ẹni ń fi ìwọ̀ pẹja. Òòfà gbé nǹkan! Gbogbo wa pariwo. Ìdérí ìgò tó ti dípẹtà ni, ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tó ti ń gbé inú kẹ́ẹ̀gì mi. Bàbá ẹlẹ́ẹ̀kan wò ó, ó wò mí, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ní tirẹ̀ ò dá òòfà lóhùn, nítorí idẹ ni wọ́n fi ṣe é, òòfà kì í sì í fa idẹ.

Ó wá ku ká da omi nù. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, ni màmá tó wà lẹ́yìn mi bá figbe ta.

"Ọmọ mi, ibo lo fẹ́ dà á sí? Òfò kọ́!" Ó ti ki àrọ bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. "Dà á síbí."

Mo ní, "Màmá, kọ́kọ́rọ́ ti wẹ̀ nínú ẹ̀ o, àti ìdérí ìgò."

"Ṣé mi ò ní sè é ni?" Bàbá yẹn ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Omi tán, kọ́kọ́rọ́ ò yọ. A gbọn kẹ́ẹ̀gì, a dojú ẹ̀ délẹ̀, a gbá a nídìí, ariwo lásán ló ń pa. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tan iná fóònù sí i nínú, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tí a fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì ní ihò nínú; ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sá wọ̀, ó há síbẹ̀. Wáyà la fi fà á yọ.

Màmá ní kẹ́ẹ̀gì tòun tó kù nìyẹn, ó sì ti kún, kí n gba ipò òun. Àwọn tó wà lẹ́yìn yarí. Ọ̀kan bi í pé ìgbà wo ni ipò orí ìlà di ogún ìdílé. Màmá ò dá a lóhùn, ó ṣáà gbé kẹ́ẹ̀gì mi sábẹ́ páìpù.

Mo tẹ bọ́tìnnì ara kọ́kọ́rọ́, ó ti kú. Mo fi kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ni ọkọ̀ bá han gooro bí ìgbà tí olè ń jí i. Àyà mi já. Àṣé ẹ̀rọ kékeré tí ọkọ̀ fi ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ kì í lo bátìrì, ara ọkọ̀ ló ti ń gbaná. Mo yí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ariwo dákẹ́.

"Ọ̀nà ibo lò ń lọ?" Màmá ti dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Mo sọ fún un. "Kò burú, a jọ ń lọ ni."

Kẹ́ẹ̀gì màmá kún bùútù, tèmi bọ́ sí iwájú, màmá jókòó sẹ́yìn. A ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí-pí-pí: ìjókòó gbọ́ ìwúwo kílò 25, ó ní èèyàn ni, àti pé kò de bẹ́líìtì. Mo dúró, mo fi bẹ́líìtì de kẹ́ẹ̀gì dáadáa.

Màmá na ọrùn láti ẹ̀yìn. "Ọ̀gá iwájú, ẹ kú ìjókòó o."