Ohun tó yí pápá ká ló ń jẹ́ kọ́mọ ṣeré

Ẹ̀yin òbí tá a jọ wà n'Ìbàdàn, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi o. Pé pápá ìṣeré wà nítòsí ò tíì tó. Títì tó wà láàárín ilé yín àti pápá yẹn, ọ̀kadà tó ń sáré níbẹ̀, gọ́tà tí ò ní ìdérí, ajá aládùúgbò, àwọn nǹkan yẹn ló máa sọ bóyá ọmọ á jáde lọ ṣeré àbí á jókòó ti fóònù.

Òkè-Àdó la ń gbé tẹ́lẹ̀, nínú yáàdì térò pọ̀. Kò sí pápá gidi ńbẹ̀, ilẹ̀ pupa lásán pẹ̀lú igi máńgòrò kan ni, àmọ́ táwọn ọmọ bá ti dé láti iléèwé tí wọ́n sì jẹun tán, ibẹ̀ lẹ máa bá wọn, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń ṣe bojúbojú, àwọn ọmọbìnrin ń ṣe ten-ten àti súwè, ariwo wọn á gba gbogbo àdúgbò. Ojú tó ń ṣọ́ wọn ló pọ̀. Ìyá alákàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, télọ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, tọ́mọ bá fẹ́ já sí títì báyìí wọ́n á ti pariwo orúkọ ẹ̀.

Ìgbà tá a kó lọ sápá Olúyọ̀lé, fẹ́ǹsì ga, géètì tì pa. Pápá wà o, wọ́n gbin koríko, wọ́n ṣe jangirọ́fà sí i, síbẹ̀ àwọn ọmọ ò lọ. Mo wá ń ṣọ́ ibẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò sí bọ́ǹpù lójú títì, kò sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn, kò síbòòji rárá, irin jangirọ́fà á ti gbóná janjan, tílẹ̀ bá sì ti ń ṣú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń mu igbó nìkan ló máa ń kù níbẹ̀.

Èmi àtàwọn ìyá kan bá fẹnu kò, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la jọ ń kó wọn jáde, ẹnìkan á jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tó bá kàn án. A bẹ àwọn lánlọ́ọ̀dù títí wọ́n fi ṣe bọ́ǹpù. Èyí tó wá ṣiṣẹ́ jù ni ìyá alágbàdo sísun tá a bẹ̀ kó gbé ààrò ẹ̀ wá sẹ́nu pápá, torí tóun bá ti wà ńbẹ̀, àwọn oníbàárà náà á wà ńbẹ̀, àwọn amugbó á sì wábi gbà, ẹ̀rù ò ba ìyá kankan mọ́.

Agodi Gardens, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà n'Ìbàdàn níbí, dáa gan-an, mo fẹ́ràn ẹ̀. Láti 1967 ló ti wà, omíyalé odò Ògùnpa ti 1980 bà á jẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, igi pọ̀ ńbẹ̀, koríko rọ̀, kò sọ́mọ tó débẹ̀ tí ò ní sáré. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ńkọ́, owó ìwọlé ńkọ́? Ibi ọdún ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kọ́mọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ṣe nǹkan tó ń mú kéèyàn mí gúlegúle, ojoojúmọ́ lẹ gbọ́ yẹn, àdúgbò tẹ́ ẹ̀ ń gbé nìkan ló lè fún un nírú ẹ̀.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá ilé tẹ́ ẹ máa gbà báyìí, ẹ má kàn wo táìlì àti kànga o. Ẹ lọ síbẹ̀ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iléèwé. Tẹ́ ò bá rọ́mọdé kankan níta, ẹ bi àwọn ará àdúgbò léèrè ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó fún éjẹ́ǹtì.