Àṣàkẹ́ lójú Nokia 3310

Ọjọ́ kìíní

Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ Màámi ni mo ti bá a, lábẹ́ òfì kan tí wọn kì í ró mọ́: Nokia 3310 tí wọ́n lò títí bọ́tìnì 5 rẹ̀ fi pá. Bátìrì BMC-3 inú rẹ̀ ti kú, kò gba iná mọ́ rárá. Mo ra bátìrì mìíràn, BLC-2, ní Computer Village, Ìkẹjà. Síìmù tóóró tí à ń lò báyìí ò bá ojú ihò rẹ̀ mu, àfi ìgbà tí mo fi férémù oníke sí i. Mo tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ méjì nawọ́ síra wọn lójú rẹ̀ bí ìgbà àtijọ́. Ẹ̀rín pa mí.

Nígbà tó tàn tán, orúkọ nẹ́tíwọ́kì jáde sójú rẹ̀, mo sì rántí lógò. Ẹni tó bá ti ní fóònù láyé ìgbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001 yóò rántí: wọn a yọ orúkọ nẹ́tíwọ́kì kúrò, wọn a fi ẹyẹ idì, ọkàn tàbí bọ́ọ̀lù sí i. Èmi ò rówó ṣe é nígbà náà. Ní báyìí mo fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe idì.

Àṣàkẹ́ ni oríkì Màámi. Láti ìgbà tí Ìyá àgbà ti lọ, n ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é mọ́ nínú ilé wa. Èmi ọmọ ò jẹ́ la ẹnu pe ìyá mi bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ṣáà sọ pé kí n má yà á.

Fóònù yìí fúnra rẹ̀ ò lè kọ ọ́. Lára lẹ́tà tí àtẹ̀jíṣẹ́ GSM ní látilẹ̀, à wà, è àti é wà, ì, ò àti ù wà. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Àwòrán ni lógò ní tirẹ̀, fóònù kì í béèrè èdè lọ́wọ́ àwòrán.

Ọjọ́ kejì

Gbogbo ojú 3310 jẹ́ píksẹ́lì (àmì tíntìntín tó ń para pọ̀ di àwòrán) 84 ní ìbú, 48 ní òró. Àyè lógò nínú rẹ̀ jẹ́ 72 sí 14. Mo fa 72 sí 14 sórí ìwé onígun ìṣirò, mo mú pẹ́ńsù.

Ojú kòkòrò ló kọ́kọ́ bá mi ṣe é. Mo ní kí lẹ́tà tóbi, mo fún un ní ìlà 10. Àmì ohùn gba 3, tóótó abẹ́ gba 1, ó pé 14. Mo gbàgbé pé atẹ́gùn ò ráyè kọjá láàárín wọn. Àmì ohùn lẹ̀ mọ́ orí A bí ìwo. Tóótó lẹ̀ mọ́ ìdí S. Ẹ wá dà bí òòyà tí eyín rẹ̀ ti ṣẹ́. Mo tún fẹ́ fi ẹyẹlé kan sí ẹ̀gbẹ́. Ìgbákọ ló yọ. Mo pa á rẹ́.

Ọjọ́ kẹrin

Ó ti ń bọ́ sí i. Mo gé lẹ́tà kù sí ìlà 7. Fìlà (àmì ohùn) gba 3, àlàfo 1, lẹ́tà 7, àlàfo 1, bàtà (tóótó abẹ́) gba 2. 14 géérégé.

Ìbú tóótó náà jẹ́ 2, nítorí náà mo rí i pé lẹ́tà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní iye tó ṣeé pín sí méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàtà á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Odindi alẹ́ kan ni mo fi wá èyí, torí ìbú 7 ni mo kọ́kọ́ lò, mo kàn ń wo Ṣ tó ń tiro, n ò mọ ohun tó ṣe é. Mo fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní 8, mo fi 3 sáàárín wọn. Lẹ́tà márùn-ún di 52, ó ku 20, mo pín in sọ́tùn-ún àti sósì. À dé fìlà, Ṣ wọ bàtà, Ẹ́ ṣe méjèèjì bí ẹni ń ròde. K nìkan ló wà ní ìhòòhò.

Ọjọ́ kẹfà

Mo fi àwòrán náà pamọ́ bíi BMP aláwọ̀ méjì, dúdú àti funfun. Gammu, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ni mo fi ránṣẹ́, módẹ̀mù USB sì ni mo fi ṣe ọ̀nà. Ẹni tó bá ní wáyà lè ti abẹ́ bátìrì ṣe é, ojú irin mẹ́rin tó wà níbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n n ò ní wáyà náà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ wù mí gan-an. Píksẹ́lì 1008 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ pín in sí mẹ́jọ mẹ́jọ, báìtì 126 ni, àtẹ̀jíṣẹ́ kan sì ń gba 140. Inú àyè tó kù ni nọ́ńbà 5506 wà, òun ló ń sọ fún fóònù pé lógò nẹ́tíwọ́kì ló dé, kó má kó o sáàárín ìwé kíkà. (5505 ni ti ohùn ìpè.) Kóòdù nẹ́tíwọ́kì, nọ́ńbà tí fóònù fi ń dá nẹ́tíwọ́kì kọ̀ọ̀kan mọ̀, náà wà níbẹ̀, òun ló sì dá mi lóró.

Fóònù dún, ó ní lógò dé. Mo gbà á. Kò sí nǹkan kan. Mo pa á, mo tàn án. Orúkọ nẹ́tíwọ́kì ṣì jókòó síbẹ̀. Mo tún un rán lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó ronú: 621 30 ni mo kọ, kóòdù MTN, torí MTN ló wà nínú módẹ̀mù mi. Airtel ni síìmù Màámi, 621 20. Fóònù ò ní gbé lógò jáde àfi tí kóòdù inú rẹ̀ bá bá nẹ́tíwọ́kì tó wà lórí rẹ̀ mu. Màámi ṣì ń pe Airtel ní Ẹ́kónẹ́ẹ̀tì, orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́. Ó ti jẹ́ Vmobile, ó jẹ́ Celtel, ó jẹ́ Zain, kò kàn wọ́n.

Mo yí 30 sí 20. Ó jáde.

Ọjọ́ keje

Mo gbé e fún wọn láìsọ nǹkan kan. Wọ́n wọ awò, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n kà á díẹ̀díẹ̀: À. Ṣà. Kẹ́. Wọ́n wò mí.

"Ìwọ lo ń pè mí bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o, Màámi. Fóònù ló ń pè yín."

Wọ́n ní kí n gbé fóònù mi tuntun kúrò níwájú àwọn, àwọn ti rí tàwọn.

Ọjọ́ kẹwàá

K ṣì ń bí mi nínú, apá òkè rẹ̀ gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ ní píksẹ́lì kan. N óò tún un rán lópin ọ̀sẹ̀. Bákan náà, bí nẹ́tíwọ́kì bá ti lọ, lógò á bá a lọ. Lánàá, Màámi kan ilẹ̀kùn mi ní aago 6 àárọ̀, fóònù lọ́wọ́: "Dìde. Wọ́n ti gbé orúkọ mi lọ."