Wọ́n pe àwa ayálégbé náà sí ìpàdé

Àkúrẹ́, ọjọ́ Àìkú

Mo ti lé lọ́dún mẹ́fà ní àdúgbò wa yìí, lọ́nà Ọ̀bà-Ilé, kí n tó fìdí kan àga níbi ìpàdé ẹgbẹ́ onílé. Owó ọlọ́dẹ, à ń san án lóṣooṣù. Nígbà tí tiransifọ́mà jó, àwa náà dáwó. Ṣùgbọ́n ìpàdé? Ti àwọn lanlọ́ọ̀dù ni. Èyí tí wọ́n bá fẹnu kò sí la máa ń gbọ́, pàápàá tówó bá wà nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kanlẹ̀kùn, tòun ti ìwé kékeré àti bírò. Mo ti ń wá ẹgbẹ̀rún kan nínú báàgì.

“Tíṣà, ẹ fowó yín sílẹ̀. Ilé dé ilé ni mò ń lọ. Kí ló ń ni yín lára níhìn-ín?”

Mo mú un wọ yàrá àwọn ọmọ, mo sún àpótí aṣọ kúrò lára ògiri. Ó fọwọ́ kàn án, ọ̀dà tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ lẹ̀ mọ́ ọn níka. Láti ilẹ̀ dé orókún, ògiri ti dúdú, ó ń rùn bíi búrẹ́dì tó bu. A kì í ṣe ará etí odò Àlà o. Omi gọ́tà tó dúró sẹ́yìn fèrèsé wa látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ni ògiri ń fà mu.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi tó wà ní Manchester. Ilé ẹgbẹ́ lòun ń gbé, irú ẹgbẹ́ tó ń kọ́lé fún àwọn tí agbára wọn ò ká owó ilé ìgboro, tí kì í sì í pín èrè. Ó ní nítòsí wọn, ní Rochdale, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 nítorí ògiri tó bu nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti ké títí, wọ́n kọ etí ikún sí wọn. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi pe òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025: ohun tó bá lè ṣeni ní jàǹbá kíákíá, wákàtí 24 péré làwọn onílé wọ̀nyẹn ní láti fi bójú tó o. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àgbàlá alága la ti ṣèpàdé lónìí. Bàbá kan ní ẹni tó lè kẹ́rù lọ lọ́la, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ gọ́tà? Ìyá Alákàrà ò tiẹ̀ dìde:

“Bàbá, ẹ má bínú. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń jókòó ní kọ́nà yẹn. Mo rí ibi tómi ti ń padà. Fẹ́ǹsì tí wọ́n mọ lé ojú gọ́tà ni.”

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Akápò ló ni fẹ́ǹsì ọ̀hún. Akápò bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó tó ti kà tẹ́lẹ̀.

Alága ò bá a jà. Ó ní ká dìde, ká lọ wò ó. La bá tò lọ, onílé àti ayálégbé, tọ́ọ̀ṣì fóònù lọ́wọ́. Ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ fómi, ọwọ́ ọmọdé ò lè gbabẹ̀. Akápò wò ó títí, ó ní òun á pe bíríkìlà lọ́jọ́ Sátidé. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kó fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i!

Lanlọ́ọ̀dù tèmi ò wá. Alága pè é lójú mi, ó ní òun á yọjú wá wo ògiri. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ létí alága rí.

Àwọn ọmọ ti tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Òjò tún ti ń ṣú.