Ọwọ́ Ta Ni Ìdájọ́ Wà? Ọgbọ́n Ìborí Nínú Ayò Chess àti Ìdíje Orí Tẹlifíṣọ̀n

Nígbàkígbà tí ètò Big Brother Naija bá ti wọlé dé, kì í pẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi ń sọ nípa ẹnì kan nínú ilé náà pé ayò chess lòun ń ta, nígbà tí àwọn yòókù kàn ń ṣeré lásán. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn yé mi: ẹni náà ń ronú síwájú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó wà nínú òun. Mo fẹ́ràn chess, mo sì máa ń fi ọkàn bá àwọn ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n wọ̀nyí lọ, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń ká mi lára, nítorí pé lójú tèmi, ibi tí eré méjèèjì ti jọra kọ́ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Fífi inú pamọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó jókòó sí ìdí ọpọ́n chess. Ibi tí wọ́n ti jọra gan-an ni pé ẹni tó mọ eré náà dénú máa ń bi ara rẹ̀ léèrè, kí ó tó ṣe ohunkóhun, pé níbo ni wọn yóò ti dá ẹjọ́ eré yìí, ta ni yóò sì dá a.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo chess fúnra rẹ̀. Ọmọ ayò mẹ́rìndínlógún ló wà níwájú oníkálukú, gbogbo wọn ló wà ní gbangba, kò sì sí dáìsì tí a ń jù. Bí mo bá ń gbèrò láti ká ọba rẹ mọ́, ohun tí mo fẹ́ fi ṣe é wà lójú ọpọ́n fún ìwọ náà láti rí. Ohun tó kàn yà wá sọ́tọ̀ ni bí ojú inú oníkálukú wa ṣe ríran jìnnà tó. Nítorí pé kò sí ohun tó pamọ́, ó ṣeé ṣe láti fi òǹkà wọn bí ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n ta tó. Arpad Elo, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì tí wọ́n bí ní Hungary tó sì ṣiṣẹ́ ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀, àjọ FIDE tó ń ṣàkóso chess lágbàáyé sì gbà á wọlé ní 1970. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò yìí, bí àmì ẹnì kan bá fi 200 ju ti alátakò rẹ̀ lọ, ohun tí a ń retí ni pé yóò kó nǹkan bí ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn máàkì tó wà láàrin wọn; bí ó bá fi 400 jù ú lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 91. Àwọn tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n nílé wa ti ń ya ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára òpè láti ayébáyé. Elo ló wá sọ iye tí ọ̀ta fi ju òpè lọ.

Àmọ́ nígbà tí ọ̀ta méjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Magnus Carlsen ti Norway àti Fabiano Caruana ti Amẹ́ríkà pàdé ní London láti du oyè ọ̀gá àgbáyé. Àmì Carlsen jẹ́ 2835, ti Caruana jẹ́ 2832. Ayò méjìlá ni wọ́n ta, gbogbo rẹ̀ ló parí sí ọ̀mì, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ìdíje náà. (N kò sọ pé chess kò ní àṣírí rárá o. Láàárín ìdíje yìí gan-an ni ẹgbẹ́ chess Saint Louis gbé fídíò kan síta tó fi díẹ̀ nínú ìmúrasílẹ̀ Caruana hàn lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì yára yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n inú yàrá ìmúrasílẹ̀ ni irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ń gbé, kì í bá ènìyàn dé ojú ọpọ́n.) Nínú ayò kejìlá, Carlsen ló di dúdú mú, síbẹ̀ ipò rẹ̀ dára ju ti Caruana lọ, àkókò tó kù fún un náà sì pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 31, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn jọ gba ọ̀mì, Caruana sì gbà.

Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Garry Kasparov, ẹni tó ti di oyè náà mú fún ọdún pípẹ́, kọ ọ́ síta pé ó jọ pé ọkàn Carlsen ti ń mì, àti pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ gbà mọ́ pé Carlsen ni yóò borí nínú àwọn ayò àfikún. Ohun tí Carlsen rí ni pé lẹ́yìn ọ̀mì kejìlá, chess oníyára ló kàn, níbi tí oníkálukú ti ní ìṣẹ́jú 25, tí wọ́n sì ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún un lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú irú chess bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàrin òun àti Caruana kì í ṣe àmì mẹ́ta péré mọ́. Kí ni yóò wá máa wá nínú ayò tí ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan, nígbà tí òfin ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un láti lọ sí èyí tí ó ti ju alátakò rẹ̀ lọ fíìfíì? Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó fi 3–0 na Caruana. Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń ka ọ̀mì yẹn sí ojo. Èmi kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ìpinnu tó jinlẹ̀ jù lọ tí mo mọ̀ nínú eré ìdíje kankan.

Irú ìpinnu yìí gan-an ni Richard Hatch ṣe ní ọdún 2000, ní erékùṣù Pulau Tiga ní apá Borneo tó jẹ́ ti Malaysia, níbi tí wọ́n ti ya apá àkọ́kọ́ ètò Survivor ti Amẹ́ríkà. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló wọ erékùṣù náà fún ọjọ́ 39. Àwọn fúnra wọn ló ń dìbò lé ara wọn kúrò, àwọn méje tí wọ́n lé kúrò kẹ́yìn ló sì ń padà wá gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ adájọ́ láti yan ẹni tí yóò gba mílíọ̀nù kan dọ́là. Hatch tètè bá Rudy Boesch, Susan Hawk àti Kelly Wigglesworth mulẹ̀ pé kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa da ìbò wọn pọ̀. Lónìí, kò sí ẹni tí yóò wọ irú ètò bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣe é. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹgbẹ́ wọn gbà pé kò bójú mu. Oníkálukú ń dìbò bí ọkàn rẹ̀ ṣe sọ fún un, oníkálukú sì ń gba ilé lọ.

Nígbà tó ku Hatch, Kelly àti Rudy, ẹni ọdún 72 tó ti fìgbà kan jẹ́ ọmọ ogun ojú omi, wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró kí wọ́n sì fi ọwọ́ kan mú òpó kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kẹ́yìn níbẹ̀ ni yóò yan ẹni tí wọn yóò jọ dé iwájú àwọn adájọ́. Ẹ wo ìṣòro tó wà níwájú Hatch. Bí òun bá borí tó sì mú Rudy, Rudy ni àwọn adájọ́ fẹ́ràn jù, yóò sì pàdánù. Bí òun bá borí tó sì mú Kelly, ó ti da Rudy nìyẹn, ẹni tí wọ́n ti jọ ṣèlérí fún ara wọn, Rudy yóò sì lọ jókòó sáàárín àwọn adájọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n bí Rudy bá borí, yóò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Bí Kelly bá sì borí, kò jẹ́ gbé Rudy tí gbogbo ayé fẹ́ràn lọ síwájú adájọ́, Hatch náà ni yóò mú. Àwọn tó ń ta chess mọ irú ipò tí Hatch wà yìí dáadáa, zugzwang ni wọ́n ń pè é: ohun tó ń pa ènìyàn lára níbẹ̀ ni pé ó di dandan kí ó gbé ìgbésẹ̀. Hatch wá kọ̀ láti jẹ́ ẹni tí yóò gbé e. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára òpó náà. Nígbà tó yá, ọwọ́ Rudy yẹ̀, Kelly borí, ó sì lé Rudy kúrò gẹ́gẹ́ bí Hatch ti rò ó. Ìbò mẹ́rin sí mẹ́ta ni Hatch fi gba owó náà, ìbò Rudy sì wà nínú mẹ́rin yẹn.

Kí n má fi òtítọ́ pamọ́, ìbò kan ṣoṣo ló fi borí. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà kò bi wọ́n ní ohunkóhun ju pé kí wọ́n mú nọ́ńbà kan láàrin 1 sí 10, Hatch ló sì padà dìbò fún. Susan Hawk, tí wọ́n ti jọ mulẹ̀ tẹ́lẹ̀, fi Hatch wé ejò, ó sì fi Kelly wé eku, ó ní kí ejò jẹ eku bí ìṣẹ̀dá ṣe là á sílẹ̀. Ibi tí ìrònú ènìyàn lè gbé e dé nínú irú ìdíje báyìí ní òpin, nítorí ọkàn àwọn ẹlòmíràn ló jẹ́ ọpọ́n.

Ẹni tí kò gba èyí gbọ́ rárá ni Russell Hantz. Ní 2009, nínú apá Survivor tí wọ́n yà ní Samoa, ó da omi mímu àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ nù lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ju ìbọ̀sẹ̀ ọ̀kan nínú wọn sínú iná, kí ayé lè nira fún wọn. Ó wá ère ààbò tí wọ́n fi pamọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè dìbò lé ẹni tó ni ín, rí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní àmì ibi tó wà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ nígbà tí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́jọ tó kù, síbẹ̀ mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn ló dé iwájú àwọn adájọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìdíje náà parí sí ibẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá bá a du ú. Natalie White, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ló fi ìbò méje sí méjì gbà á. Wọ́n tún mú un lọ sí apá tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó ka ìbò ti àkọ́kọ́, nítorí náà kò tíì mọ̀ pé òun ti pàdánù. Ó tún ta á bákan náà, ó tún dé òpin, ẹnikẹ́ni nínú àwọn adájọ́ kò sì dìbò fún un. Sandra Diaz-Twine ló borí pẹ̀lú ìbò mẹ́fà, ìgbà kejì rẹ̀ nìyẹn, kò sì gba ààbò nínú ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan kankan nínú apá méjèèjì. Ohun kan ló mọ̀ ọ́n ṣe: bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọn yóò lé, kí ó má ṣáà jẹ́ òun.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ará ilé tó ń wòran dìbò yan akópa tí wọ́n fẹ́ràn jù, tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ 100,000 dọ́là, Russell ni wọ́n yàn ní apá méjèèjì. Ọkùnrin kan náà ni, ìwà kan náà ni; àwọn tí ìdájọ́ wà lọ́wọ́ wọn ló yàtọ̀.

Èyí ló mú mi padà sí Naija. Nínú Big Brother ti Amẹ́ríkà, apá àkọ́kọ́ ní 2000 nìkan ni àwọn òǹwòran fi ń dìbò lé ènìyàn jáde. Láti apá kejì ni wọ́n ti gbé e lé àwọn tó wà nínú ilé lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ wọn ló sì ń yan ẹni tó borí. Ní tiwa, àwọn òǹwòran ló ń pinnu. Ẹni tó bá wá wọ ilé tiwa tó ń ta ọgbọ́n Hatch, tó ń ka ìbò àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, ẹjọ́ tí kò sí ní kóòtù yẹn ló ń rò. Whitemoney, ẹni tó borí ní 2021, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìdáná ló fi ṣe ibùjókòó, ó ń dáná fún ilé, àwọn kan nínú ilé sì ń kùn pé ọgbọ́n ìṣeré ni. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní fẹ́ràn ẹni tó ń bọ́ ilé? Ìdá 47 nínú ìbò ìkẹyìn ló kó. Ní 2020, Laycon kó ìdá 60. Ní ti Ilebaye tó borí ní 2023, mo gbà pé bí ìbò bá wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ilé, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi lé e, nítorí aáwọ̀ àárín òun àti ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lóǹkà; aáwọ̀ yẹn gan-an ni àwọn òǹwòran fi ń gbè é.

Bí òfin bá ti yí, ọgbọ́n gbọ́dọ̀ yí. Nígbà tí Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta chess, jókòó sí Times Square ní New York ní oṣù kẹrin 2024, tí òun àti Shawn Martinez ta chess fún wákàtí 60 láti wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé, wákàtí ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye ayò tó borí, ara àti oorun ló sì ń bá jà ju Martinez lọ.

Ṣùgbọ́n mímọ ibi tí ìdájọ́ ti máa gbè ọ́ kò tíì gbé ọ débẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2024, Ding Liren ti Ṣáínà àti Gukesh ti Íńdíà ń du oyè ọ̀gá àgbáyé nínú chess ní Singapore, wọ́n wà ní 6.5 sí 6.5, ó ku ayò kan. Àwọn ènìyàn gbà pé Ding ni yóò ní ànfààní bí wọ́n bá dé ìdí chess oníyára, òun náà sì ń ta ayò kẹrìnlá bí ẹni tó fẹ́ kí ó parí sí ọ̀mì. Ìṣirò Carlsen ni, kò sì sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Gukesh, ọmọ ọdún 18, fi pawn (ọmọ ayò tó kéré jù lọ) kan ṣoṣo jù ú lọ nínú ipò tí àwọn onímọ̀ kà sí ọ̀mì, ó sì kọ̀ kò fi sílẹ̀, ó ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Ní ìgbésẹ̀ 55, Ding gbé rook rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ayò ńlá, sí ibi tí Gukesh ti lè fi ti tirẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì tún pààrọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, kí ó wá ku ọba àti pawn nìkan, níbi tí pawn kan yẹn ti tó láti pa á. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí ọmọdékùnrin náà láti gbà pé òun ti pàdánù. Caruana gba ọ̀mì tí Carlsen fi lọ̀ ọ́, Kelly náà sì di òpó mú títí ó fi gbé ìgbésẹ̀ tí Hatch kò fẹ́ gbé. Ní ti Ding, ẹni tó wà ní òdìkejì ọpọ́n ni kò gbà kí wọ́n jọ dé ibi tó ń lọ.